Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará Onígbá, mo kí yín. Mo ti dé. Láti àná tí mo ti wọlé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Ìkòròdú, báwo ni Ẹ̀pẹ́, mo sì ń dá yín lóhùn pé ó dáa, ó dáa. Ẹ mọ̀ mí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pàápàá tí èèyàn bá ti pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Bọ́láńlé, ọmọ ọmọ mi, pé kó mú bírò àti ìwé, kó jókòó tì mí, kó máa kọ ọ́ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò kàwé. Òun náà ló máa kà á fún yín.

Ẹ ò tíì gbàgbé Rọ́níkẹ́, ọmọbìnrin tó wá láti yunifásítì, tó lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe. Ó fẹ́ mọ bí ìjọba àti ará ìlú ṣe ń jọ ṣàkóso ohun tó jẹ́ ti gbogbo wọn, ibi tó ti yọrí àti ibi tí kò ti yọrí. Tiwa yìí ni ibi tí kò ti yọrí. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ̀rọ omi wa ti dákẹ́ tí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ sì wà ní títì. Káńsù ní ti ará ìlú ni, àwọn ò lè já àgádágodo onílé. Àwa ní ti ìjọba ni, a ò lè fọwọ́ kan ẹrù ìjọba. Rọ́níkẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó bi yín lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ ní ọwọ́ káńsù ni. Nígbà tó bi èmi, mo ní mi ò mọ̀.

Ó wá sọ fún wa pé ibì kan wà lẹ́yìn Ejìnrìn, lápá Ẹ̀pẹ́, tí àwọn àti káńsù ti bára wọn jà títí, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ń ṣe pọ̀ báyìí. Ó ní kí àgbà kan nínú wa bá òun lọ, kó lọ fojú ara ẹ̀ rí i. Èmi lẹ yàn.

Nígbà tí ẹ ń yàn mí, kọ́kọ́rọ́ náà wà lápò mi.

Bọ́láńlé dáwọ́ dúró níbí. Mo ní kó máa kọ lọ.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága kọmití omi, ẹ rántí. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa, èmi ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti káńsù láti tún un ṣe. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Kò bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Kò kí mi. Ó na ọwọ́ òsì jáde lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, kọ́kọ́rọ́ dà?" Mo ní, "Kò sí lọ́wọ́ mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wa mọ́tò ẹ̀ lọ. Mo rò pé á padà wá lọ́la, á sì bọ́ọ́lẹ̀. Kò padà wá. Ẹ̀yin náà wá ń sọ pé káńsù ló kó kọ́kọ́rọ́ wa lọ. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́.

Ohun tí mo gbé lọ́wọ́ lọ sí ìrìn-àjò nìyẹn.

Ìkòròdú

Ìdájí la wọ ìlú náà, kùrukùru sì bo gbogbo ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣì ń sùn. Inú kùrukùru yẹn ni mo ti ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń yọ láti àdúgbò kan sí òmíràn, tọkùnrin tobìnrin, aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù lọ́rùn gbogbo wọn, tí wọ́n kọrí síbi kan náà. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ìró bàtà wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Atẹ́gùn ń gbé òórùn bíi ṣúgà tó jóná bọ̀ láti ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà.

Mo rọra bi Rọ́níkẹ́ pé ṣé èèyàn ni wọ́n.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èèyàn ni wọ́n, Bàbá. Iṣẹ́ àárọ̀ ni wọ́n ń lọ. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú náà ń bọ̀ báyìí."

Lóòótọ́, kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi yọ láti ọ̀nà kejì, tí oorun ti wọ̀ wọ́n lójú. Àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ gba àárín ara wọn kọjá, ẹnì kan ò fara kan ẹnì kejì, bí ìgbà tí omi méjì bá pàdé. Mo dúró wò wọ́n títí kùrukùru fi ká.

Ilé tí Rọ́níkẹ́ gba yàrá sí la dé sí. Ará wa lọ́pọ̀ wọn níbẹ̀, ará Ìwó, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìsẹ́yìn, àwọn tí iṣẹ́ gbé wá. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Jímọ̀, ọmọ Ìwó. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ló ti ń bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí símẹ́ńtì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo kàn ní kí n dọ̀bálẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tí mo máa dọ̀bálẹ̀ fún. Gbogbo wa ni ọ̀dọ́ nílé yìí."

Ó gbé ibùsùn ẹ̀ fún mi, òun lọ sùn sórí ẹní. Kó tó sùn, ó bi mí bóyá igi ọsàn ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ ní Ìwó ṣì wà. Mi ò mọ igi ọsàn kankan ní Ìwó. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ń wò mí. Mo ní ó wà, mo ní ó ń so. Inú ẹ̀ dùn, ó sì sùn lọ bí ọmọdé.

Mo jókòó ti ọkùnrin náà, mò ń rò ó pé mo tún ti parọ́. Mi ò mọ̀ pé irọ́ rọrùn fún mi tó bẹ́ẹ̀, èmi tí gbogbo èèyàn ń pè ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn tí mo rí nílé yẹn ni ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà láàárín àgbàlá. Obìnrin kan gbé bàsíà sábẹ́ ẹ̀, ó ṣí i, ó bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Bàsíà kún, omi ń ṣàn lọ sórí ilẹ̀, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. Mo dìde, mo pa á.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Omi lásán ni."

Mo padà jókòó.

Ijede

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀sà. Nígbà tí a yọ síbẹ̀, mo rò pé ilẹ̀ ti tán. Ojú ọ̀run wà lókè, ojú ọ̀run tún wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sì dúró láàárín méjèèjì, bí ẹni pé wọ́n so ó rọ̀. Ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀ tó ń ju àwọ̀n. Ó ju àwọ̀n náà, ó ṣí sílẹ̀ lókè, ó bọ́ sínú omi, ìgbà tó ti bọ́ tán ni mo tó gbọ́ ìró ẹ̀.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá ní mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí mi. Odò wa níbí, ẹ̀ẹ̀rùn-ún máa ń gbẹ ẹ́ dé orí òkúta. Bọ́láńlé á fi igbá bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Omi wá rèé, kò ní òdìkejì.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rìsí ló fún wa lóúnjẹ. Ìkọ́kọrẹ́ ni. Ewùrà ni wọ́n rin, wọ́n fi epo àti ẹja sè é pọ̀, kì í ṣe àsáró, kì í sì ṣe ọ̀jọ̀jọ̀. Ó rọ̀ lẹ́nu. Orí ẹja ló bù fún mi torí pé mo jẹ́ àlejò. Orí ẹja náà tóbi ju àwo lọ. Mo ń wò ó, òun náà ń wò mí.

Ìyá Rìsí ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni? Ó ti kú o, kò lè dáhùn."

Rọ́níkẹ́ ní, "Ẹ fi Bàbá sílẹ̀. Kò bá èmi tí mo wà láàyè sọ̀rọ̀, ṣé ẹja ló wá fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ èdè tiwọn láàárín ara wọn, ó máa ń dà bíi pé mo gbọ́ ọ, bó bá kù díẹ̀ kó yé mi á tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àjèjì ni mí, pé wọ́n lè sọ ohunkóhun nípa mi kí n máa mi orí.

Ẹ̀pẹ́

Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì la fi dé Ẹ̀pẹ́. Mo ti fọwọ́ kan omi kí n tó mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà ń gún mi ní itan, mo sì rò pé tí mo bá jẹ́ kó bọ́ báyìí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láé. Mo ti fà á jáde lápò. Mo fi ọwọ́ dì í títí a fi dé èbúté, mi ò jẹ́ kó bọ́. Mi ò lè sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Ilé Alhaja Sìdíkátù la dé sí. Ẹja ló ń tà, ìyá ẹ̀ náà tà á, òun sì ni olórí àwọn tó ń lo èbúté kékeré tó wà lẹ́yìn Ejìnrìn, níbi tí a ń lọ. Ilé náà kọjú sí ọ̀sà. Tí èèyàn bá sùn lọ́sàn-án níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ omi á máa jó lórí àjà.

Ìwà wọn ni pé wọn kì í bi àlejò ní ìbéèrè. Ọjọ́ méjì ni mo fi jẹun nílé obìnrin yẹn, kò bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Á ní, "Ẹ jẹun." Á ní, "Ẹ sinmi." Ọjọ́ kìíní, ó tù mí lára. Ọjọ́ kejì, ó ń dà mí láàmú. Ó wá dà bíi pé ó ń dúró dè mí.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Alhaja, báwo lẹ ṣe bá káńsù rẹ́?"

Ó ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Àga ló ba nǹkan jẹ́ láàárín wa. Tí káńsù bá wá ṣèpàdé, wọ́n á jókòó síwájú, àwa á wà lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá rí àga á bínú lọ sílé. Ẹni tó sì rí àga kò ní kánjú, á máa sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó bà wá jẹ́ ò ju ewé tó ń dí ojú omi lọ, tí ọkọ̀ ò fi rí ọ̀nà gbà. Wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ ò ro ó. Àwa á ní ẹ̀yin lẹ ò fún wa ní ọkọ̀ tó ń kó o. A á tú ká. Ewé á máa hù."

Mo ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Òjò. Lọ́jọ́ ìpàdé kan, ọ̀sà wọ ibi tí a jókòó sí, àga ń léfòó. Gbogbo wa dúró sínú omi, àtàwa àtàwọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Kí omi tó lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Láti ìgbà yẹn, a ò jókòó mọ́. Inú omi la ti ń ṣe é."

Lẹ́yìn Ejìnrìn

Èbúté náà kéré. Igi díẹ̀, ọkọ̀ díẹ̀, àti ewé tútù tó tẹ́ sórí omi lókèèrè bí ilẹ̀ oko. Nígbà tí a dé, mo rí i tí gbogbo wọn ń bọ́ bàtà, tí wọ́n ń ká ṣòkòtò sókè, tí wọ́n ń wọ inú omi lọ. Alhaja ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí. Gbogbo wọn kọjú síbi kan náà, wọ́n tò, wọ́n dákẹ́. Ó jọ mọ́ṣáláṣí lójú mi. Mo ní áà, wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kírun ni. Mo bọ́ bàtà tèmi, mo tẹ̀ sí etí omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùwàlá. Mo fọ ọwọ́, mo yọ ẹnu, mo fọ imú, mo fọ ojú, mo fọ apá. Mo pa orí, mo fọ ẹsẹ̀. Mo ṣe é tán pátápátá. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wọn ń wò mí.

Ọ̀gá káńsù tó wà níbẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tí wọ́n ń pè ní Láńre, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù. A ò tíì kú, ẹ má tíì kírun sí wa lára."

Ẹ̀rín bẹ́. Alhaja bo ẹnu ẹ̀. Rọ́níkẹ́ tó di ìwé ẹ̀ mú lókè omi ń rẹ́rìn-ín débi tí apá ẹ̀ fi ń mì. Láńre na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ ọ̀tún, ó ní, "Ẹ wọlé wá jàre. Ẹsẹ̀ mi ti ń tutù." Ó dì mí mú títí mo fi dúró dáadáa. Omi dé orúnkún mi.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Olúkúlùkù á sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò tíì ṣe. Ti ara ẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Láńre ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ tó ń kó ewé wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mi ò tíì gbé e wá. Mo kàn ń fi falẹ̀ ni."

Alhaja ní, "Ọjọ́ wo ni yóò kúrò lọ́wọ́ yín?"

"Ọjọ́rú."

"Ó dọjọ́rú."

Kò sẹ́ni tó bú u. Kò sẹ́ni tó ní ẹ wo káńsù. Ọkùnrin apẹja kan ní òpó mẹ́ta tó yẹ kí òun rì mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ọkọ̀ wà lọ́wọ́ òun, òun fi igi ẹ̀ dáná. Ọjọ́ wo? Ọjọ́ Sátidé. Obìnrin kan ní ìròyìn tó yẹ kí òun sọ fún àwọn ará ìsọ̀ kejì wà lọ́wọ́ òun, òun àti ìyálọ́jà ibẹ̀ ló ń jà. Ọjọ́ wo? Ó ronú, ó ní òní. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ láti ẹnu sí ẹnu, ohùn wọn ń rìn lórí omi, ewé lókèèrè ń rọra gòkè, ń rọra sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń mí.

Ó wá kàn mí.

Alhaja ní, "Bàbá àlejò, kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo sọ fún ọmọ káńsù yẹn náà ni mo fẹ́ sọ, pé kò sí. Ó ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n omi àlùwàlá ṣì ń kán lójú mi. Ó ń kán láti àgbọ̀n mi sínú ọ̀sà, mo ń gbọ́ ọ. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu mi lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò lè wá fi ẹnu yẹn parọ́. Àṣìṣe ni mo fi ṣe àlùwàlá náà, mo mọ̀. Àlùwàlá ṣì ni.

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi."

Rọ́níkẹ́ yí ojú sí mi. Kò kọ nǹkan kan.

Wọn ò bi mí pé kọ́kọ́rọ́ kí ni. Wọn ò bi mí pé kí ló dé. Alhaja kàn ní, "Ọjọ́ wo ni yóò kúrò lọ́wọ́ yín?"

Mo ní, "Ọjọ́ tí mo bá délé."

Ó ní, "Ó dọjọ́ tí ẹ bá délé." Ó sì yíjú sí ẹni tó kàn.

Ó parí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì gbà ju ìgbà tí ẹyẹ fi bà lórí ọkọ̀ kan tó sì tún fò lọ.

Nígbà tí a ń padà, Rọ́níkẹ́ jókòó tì mí.

Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi?"

Mo ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé."

Ó ní, "Mo bi yín nígbà yẹn, ẹ ní ẹ ò mọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó tú ẹ̀pà tí wọ́n fi bébà wé, ó bu ìdajì sọ́wọ́ mi. A jẹ ẹ́ títí dé Ẹ̀pẹ́.

Ilé

Àná ló yẹ kí kọ́kọ́rọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ mi. Àná ni mo délé. Ẹ yí mi ká, ẹ ń kí mi káàbọ̀, ẹ ń bi mí bóyá mo rí bí àwọn yẹn ṣe bá káńsù wọn jà. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé ó dáa. Mo ti fi ọjọ́ kan pẹ́.

Ẹ foríjì mí. Kì í ṣe káńsù ló kó kọ́kọ́rọ́ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ò kí mi, ìyẹn wà lọ́wọ́ tiẹ̀, òun ló máa sọ ọ́ tó bá fẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ tèmi ni mo sọ yìí.

Rọ́níkẹ́ ti pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí fóònù. Ọmọ káńsù náà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, láàárọ̀, pẹ̀lú irin iṣẹ́. Odò ni kí gbogbo wa ti pàdé. Ẹ má gbé àga wá. Omi ibẹ̀ ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ ní àkókò yìí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bọ́ bàtà.

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lórí tábìlì báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí Bọ́láńlé ń kọ. Ó ti dípẹtà díẹ̀. Bọ́láńlé ò fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé kí ló ń rò.

Ó ní, "Bàbá, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pọn omi odò."

Mo ní kó kọ ìyẹn náà sí i. Ó ti kọ ọ́.